Awólọ́wọ̀ àti Ẹ̀rọ Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ ìtàn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ débi pé bí wọ́n bá jí yín lóru, ẹ ó sọ ọ́ tán: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, fìlà, awò ojú, ẹ̀wọ̀n Calabar. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà dúró lé lórí, òun ni ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Àwa tí a ń gbé nílẹ̀ tí kì í ṣe ti baba wa, tí a máa ń ka ìṣẹ́jú tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún èdè wa lórí rédíò, ó yẹ kí a mọ apá yìí dáadáa.

Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1909. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, David Ṣópólú, ó sì tún ń la pákó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ọbáfẹ́mi nígbà tí bàbá yìí kú lọ́dún 1920, àtìgbà náà ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹ́gi tà, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, kó lè rí owó ilé ìwé san. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ra kòkó, ó kó ọkọ̀ akẹ́rù, gbèsè sì mú un títí tí ojú fi tì í. Lọ́dún 1944 ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀n, nígbà tó fi máa di 1946 ó ti di lọ́yà.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni ti ìwé ìròyìn. Lọ́dún 1934 ó kọ́ iṣẹ́ oníròyìn ní Daily Times l'Ékòó, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 1949, ó dá ìwé ìròyìn Tribune tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti wà nídìí ìwé ìròyìn mọ̀ pé bí ẹnì kan bá kọ ìwé bú ọ lónìí, o lè kọ tìrẹ lọ́la. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rédíò ayé ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí rédíò ṣe rí nígbà náà, nítorí àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1935 ni ìjọba òyìnbó gbé rédíò onílà-wáyà wọ Èkó, tó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1939. Wọ́n á fa wáyà wọ ilé èèyàn, wọ́n á gbé àpótí kékeré kan kọ́ sára ògiri, onílé á sì máa sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Kò sí pé ènìyàn ń yí i láti ibùdó kan sí òmíràn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń wá láti Lọ́ńdọ̀n, náà ni gbogbo ilé á gbọ́. Àwọn bàbá wa wo àpótí yìí títí, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè dá a lóhùn, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu ju bí àwọn tó sọ ọ́ ṣe lérò lọ.

Lọ́dún 1951 ni ìjọba wá dá ilé iṣẹ́ rédíò tí wọ́n ń pè ní NBS sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Lábẹ́ ìjọba Gómìnà ló wà pátápátá.

Ó wá di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1953. Anthony Enahoro, ọmọ ẹgbẹ́ Action Group tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, gbé àbá wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ lọ́dún 1956. Àwọn aṣojú Àríwá, tí Sàdáúnà Ahmadu Bello ṣáájú wọn, ní kí wọ́n yọ ọdún yẹn kúrò, kí wọ́n fi ìgbà tó bá ṣeé ṣe rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn tó ti kàwé jù wọ́n lọ ní Gúúsù yóò gba gbogbo iṣẹ́ ìjọba mọ́ wọn lọ́wọ́, àwa tí a ti bá wọn gbé pẹ́ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe eré lójú wọn. Ìpàdé dàrú. Action Group àti NCNC dìde, wọ́n jáde. Àwọn mínísítà Action Group kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Gómìnà Sir John Macpherson bọ́ sórí rédíò NBS, ó dá àwọn mínísítà wọ̀nyí lẹ́bi níṣojú gbogbo ayé, ó pè wọ́n ní aláìṣòótọ́ èèyàn. Awólọ́wọ̀ ní òun náà fẹ́ sọ tẹnu òun lórí rédíò kan náà, kí àwọn tó gbọ́ ti Gómìnà lè gbọ́ tàwọn. Wọn kò gbà fún un.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò ìjọba ṣe ṣe ẹjọ́ yìí, ó gbọ́ ti ẹnì kan, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kejì. Nínú oṣù karùn-ún ọdún náà, nígbà tí ìbínú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì rọlẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò, ẹ̀mí sì ṣòfò ní Sábó. Mi ò sọ pé rédíò ló fa ìjà yẹn o. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa tí a jẹ́ àlejò nílẹ̀ onílẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń jẹ nínú ìyà, bí àwọn èèyàn bá ń gbọ́ ìròyìn ara wọn láti ẹnu ẹnìkan ṣoṣo.

Awólọ́wọ̀ kò gbàgbé. Òfin ọdún 1954 fún àwọn ẹkùn ní agbára láti ní ilé iṣẹ́ rédíò tiwọn, ọdún yẹn náà ló sì di Pírẹ́míà Ìwọ̀ Oòrùn. Kò kánjú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló kọ́kọ́ gbájú mọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí náà ló sì fún un ní ìdí kejì. Àwọn ọmọ ya bo ilé ìwé, tíṣà tó kọ́ṣẹ́ dáadáa kò tó. Èrò ìjọba rẹ̀ ni pé bí tíṣà kan tó mọṣẹ́ bá dúró níwájú kámẹ́rà ní Ìbàdàn, ọmọ ilé ìwé púpọ̀ ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò gbẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìjọba rẹ̀ bá ilé iṣẹ́ òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Overseas Rediffusion da owó pọ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agódi n'Ìbàdàn. Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ni wọ́n ń pe ara wọn. Ká sọ òótọ́, Mòrókò àti Àlùjíríà ti ní tẹlifíṣọ̀n ṣáájú, ṣùgbọ́n nílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, kò sí irú rẹ̀. Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni obìnrin tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ hàn níbẹ̀, Kúnlé Ọlásọpé ń ka ìròyìn, Ṣẹ́gun Olúṣọlá ń ṣètò eré. Adébáyọ̀ Fálétí tí gbogbo wa mọ̀ wà níbẹ̀, fíìmù ló kọ́kọ́ ń tọ́jú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1960, rédíò WNBS tẹ̀lé e.

Ní tèmi, rédíò yìí gan-an ló ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù. Ta ló ní tẹlifíṣọ̀n nígbà náà? Ẹni kan ní àdúgbò, tí gbogbo ọmọdé á lọ rọ̀ mọ́ fèrèsé rẹ̀. Ṣùgbọ́n rédíò kékeré oníbátìrì ń bá àgbẹ̀ lọ sóko. Ìròyìn ń jáde ní Yorùbá tó já gaara. Àwọn akéwì àti oníjàálá tí ó jẹ́ pé ìlú tiwọn nìkan ló mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ ohùn rẹ̀. Ní ti tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ni àwọn òṣèré orí ìtàgé wa ti rí ilẹ̀ tuntun ro: Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Mósè Ọlaìyá tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, àti Dúró Ládiípọ̀, ẹni tó ti ṣe tíṣà ní Kàdúná kó tó padà sí Òṣogbo.

Ẹ má sì fojú kéré ìkéde. Bàbá kan kú, ọmọ rẹ̀ wà lóko ọ̀nà jíjìn, lẹ́tà lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ẹbí á san owó díẹ̀, wọ́n á ka orúkọ òkú àti orúkọ àwọn ọmọ, ọjọ́ ìsìnkú àti ilé tí wọn yóò ti ṣe é. Ọmọ á gbọ́, á wọkọ̀. Ọmọ sọnù, ìkéde. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn títí dòní lórí ohun tí ilé iṣẹ́ rédíò wà fún. Kí wọ́n bi ẹni tó bá ìsìnkú bàbá rẹ̀ nítorí rédíò.

Àwọn ẹkùn yòókù kò jókòó tẹtẹrẹ. Ìlà Oòrùn ṣí tiwọn ní Ẹnúgu lọ́jọ́ òmìnira gan-an, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Àríwá ṣí ti Kàdúná lọ́dún 1962. Bí a bá ní rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Kàdúná, ìyẹn ni pé ohun tí Macpherson kọ̀ fún Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1953 wà lára ohun tó fà á.

Wàyí o, a ò gbọdọ̀ bo àléébù mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn ènìyàn. Oṣù kejìlá ọdún 1959 ni ìdìbò gbogbo gbòò wáyé, WNTV kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Àwọn alátakò ní ìlù Action Group ni, kì í ṣe ìlù ìlú. Wọn kò purọ́ tán. Ẹni tí wọ́n ti gbohùngbohùn mọ́ lẹ́nu kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n kò fi òfin kan síbẹ̀ tí yóò fi dandan mú ẹni tó wà lórí ìjọba láti fún alátakò ní àyè ìdáhùn. Kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tó bá gba ìjọba ló gba kọ́kọ́rọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ó fi ipò Pírẹ́míà sílẹ̀ fún Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ó lọ ṣe olórí alátakò l'Ékòó. Ìjà bẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962 wọ́n fi àga lu ara wọn nílé ìgbìmọ̀ n'Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá pé ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ wá ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tó bá a jà, òun wà ní àtìmọ́lé, kò lè fèsì. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.

Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1965 tí ojú gbogbo ayé rí pé màgòmágó wà níbẹ̀, Akíntọ́lá fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ẹnì kan wọ ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìbọn, ó ní kí wọ́n yọ téèpù Akíntọ́lá, kí wọ́n fi èyí tí òun mú wá sí i. Ohùn tó jáde ń sọ fún Pírẹ́míà pé kó kúrò lórí ìjọba. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká, wọ́n gbé e lọ ilé ẹjọ́, adájọ́ dá a sílẹ̀. Òun náà ti wá sọ nínú ìwé rẹ̀ pé òun ló ṣe é. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ọdún méjìlá lẹ́yìn ti Macpherson, ẹni tó fẹ́ fèsì lórí rédíò n'Ìbàdàn ní láti mú ìbọn dání.

Àwọn ológun tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1966. Ó bá Gowon ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná, ó kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1971. Nígbà tó di 1977, ìjọba ológun ti gba gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, wọ́n kó wọn pọ̀ sábẹ́ NTA. WNTV lọ bẹ́ẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ UPN sílẹ̀ lọ́dún 1978, ó du ipò ààrẹ lọ́dún 1979 àti 1983, kò wọlé. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń ké pé àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde bó ṣe yẹ. Bí òfin ọdún 1979 ṣe gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, Lateef Jákàńdè, ṣí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1980.

Olóyè Awólọ́wọ̀ jáde láyé ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1987, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Títí ó fi kú, kò sí ilé iṣẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n kan ní Nàìjíríà tí kì í ṣe ti ìjọba. Ọdún 1992 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba àdáni.

Ẹ̀yin àgbà àárín wa tí ẹ rántí ilé tó kọ́kọ́ ní tẹlifíṣọ̀n ní àdúgbò yín, tàbí ìkéde tó mú yín dé ilé bá ìsìnkú, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé yìí. Bí ẹ bá sì rí ibi tí mo ti ṣì í sọ, ẹ kọ ìyẹn náà ránṣẹ́. A ó tẹ̀ ẹ́.