Anna Hinderer, Ìyá Kúdẹtì: Ọdún Mẹ́wàá Ìgbéyàwó ní Ilẹ̀ Àjèjì

Lóde òní, ìwọ̀nba ilé ni kò ní ọmọ tàbí àbúrò tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ìlú òyìnbó. Bí ìgbéyàwó wọn bá pé ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá, wọn a fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Àwa náà a rí kéèkì, a rí aṣọ tuntun, inú wa a dùn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́. Bóyá ọwọ́ kò tíì ba ẹnu, bóyá wọn kò tíì rí ọmọ bí, tí ojú sì ń tì wọ́n. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni a ṣe mú ìtàn Anna Hinderer wá fún yín. Lóòótọ́, ìjọ Áńgílíkà ló fi ayé rẹ̀ sìn, ṣùgbọ́n ogún gbogbo wa ni.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1827 ni a bí Anna Martin ní Hempnall, ní agbègbè Norfolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Lowestoft, létí òkun. Níbẹ̀ ni àlùfáà Francis Cunningham àti ìyàwó rẹ̀ ti fà á mọ́ra bí ọmọ wọn. Láti kékeré ni Anna ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí iṣẹ́ míṣọ́nárì.

David Hinderer, ọmọ Schorndorf nílẹ̀ Jámánì, ni Ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá sí ilẹ̀ Yorùbá; ọdún 1851 ló kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1852, òun àti Anna ṣe ìgbéyàwó. Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n ti gúnlẹ̀ ní 1853 ni ibà dá wọn dúró, nígbà tó sì di oṣù kẹrin wọ́n dé Ìbàdàn. Ẹ kíyè sí i pé ọkọ jẹ́ ọmọ Jámánì, ìyàwó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì: ilẹ̀ àjèjì ni Ìbàdàn jẹ́ fún àwọn méjèèjì.

Kúdẹtì ni wọ́n tẹ̀dó sí, nínú ilé alámọ̀. Ní ọdún 1853 kan náà, Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé Anna lọ́wọ́ kí wọ́n lè kàwé. Báyìí ni ilé-ẹ̀kọ́ Kúdẹtì ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀ lé wọn, ilé sì kún. Anna kò bí ọmọ kankan, ṣùgbọ́n Ìyá ni gbogbo wọn ń pè é.

Àìsàn mú kí wọ́n lọ sinmi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1856; ní 1858 wọ́n tún padà wá. Ní 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, àwọn Ìjẹ̀bú pẹ̀lú kọ̀yìn sí Ìbàdàn. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú dí. Owó ẹyọ àti ẹrù tí ń ti Èkó wá kò wọlé mọ́. Ìjàyè ṣubú ní oṣù kẹta ọdún 1862, síbẹ̀ ogun kò parí, ọ̀nà kò sì là.

Ìgbà yìí gan-an ni ìgbéyàwó wọn pé ọdún mẹ́wàá, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1862. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ilé ti rí. Wọ́n ti ń ta ẹrù inú ilé láti fi ra oúnjẹ. Ẹ̀wà díẹ̀ pẹ̀lú epo àti ata ni wọ́n ń jẹ nígbà mìíràn. Aṣọ ń gbó sí wọn lára. Edward Roper, míṣọ́nárì tí ogun Ìbàdàn mú ní Ìjàyè, tún wà pẹ̀lú wọn. Síbẹ̀ wọn kò lé àwọn ọmọ náà lọ. Ìwọ̀nba tó wà nínú ìkòkò ni gbogbo wọn jọ ń pín. A kò lè pe èyí ní àsè, ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè ohun tí ọdún mẹ́wàá ìgbéyàwó náà so, àwọn tó yí ìkòkò yẹn ká ni a ó nawọ́ sí.

Ní 1865, Glover, tó ń ṣe olórí ìjọba ní Èkó, rán Captain Maxwell gba ọ̀nà igbó wá gbà wọ́n. Anna bá a lọ ní wàràwàrà. David kò lè fi ìjọ sílẹ̀ lójijì, ó dúró sẹ́yìn fún oṣù díẹ̀. Ìpínyà yìí kò rọrùn fún wọn. Àwọn méjèèjì padà sí Ìbàdàn ní 1867, ṣùgbọ́n ara Anna ti rẹ̀ jù. Ní 1869 wọ́n dágbére. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1870, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ìgbéyàwó náà kò pé ọdún méjìdínlógún. Wọn kò rí ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí à ń pè ní jùbílì fàdákà.

Ṣùgbọ́n Daniel Olúbí, tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, ló gba iṣẹ́ ìjọ Ìbàdàn lọ́wọ́ wọn. A sì fi í joyè àlùfáà. Orúkọ Yéjídé náà ṣì wà lára ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ní Ìbàdàn títí dòní.

Ẹ̀yin ìyá, bí a bá ń bá àwọn ọmọ wa lókè òkun sọ̀rọ̀ ní àyájọ́ ìgbéyàwó wọn, ẹ má jẹ́ kí a máa béèrè fọ́tò nìkan, ẹ má sì jẹ́ kí ìbéèrè wa nípa ọmọ di ẹ̀gún sí wọn lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn dúpẹ́ pé wọ́n ṣì wà pa pọ̀, kí a sì bi wọ́n bóyá ẹnì kan wà nítòsí wọn tí wọ́n lè bá pín ìwọ̀nba tí wọ́n ní. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ilé àwọn ọmọ wa tú lẹ́yìn odi. Àmín.