Keita Fodéba: Olùkọ́ Tó Gbé Ijó Abúlé Dé Orí Ìtàgé Ayé

Ní ilẹ̀ Kétu, kí ọmọ tó mọ ìwé ni ó ti mọ ijó. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ìlù, inú agbo ni ó sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún Keita Fodéba, ọmọ Màlínké tí wọ́n bí ní ọdún 1921 ní Siguiri, ìlú kan tó wà létí Odò Ọya ní orílẹ̀-èdè Gínì. Níbẹ̀, àwọn arọ́kin tí wọ́n ń pè ní jeli a máa fi kora àti balafon kọ ìtàn àwọn ọba àtijọ́ lórin. Ijó ìkórè wà, ti ìgbéyàwó wà, ti ìkọlà náà wà.

Nígbà tí Fodéba dàgbà, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ibẹ̀ ni ìjọba Faransé ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí wọ́n lè di olùkọ́ àti akọ̀wé. Àwọn ọmọ Dàhòmì, ìyẹn Bẹ̀nẹ̀ òde òní, wà níbẹ̀ dáadáa. Bí ìsinmi bá dé, wọ́n a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe àkọsílẹ̀ àṣà ìlú rẹ̀. Bí wọ́n bá padà, wọ́n a fi ohun tí wọ́n kó wá ṣe eré, pẹ̀lú orin àti ijó. Kí Fodéba tó dé ilé-ẹ̀kọ́ náà ni àwọn ọmọ Dàhòmì ti gbé eré wọn kan, Sokamé, dé Párísì ní ọdún 1937. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyí. Orin àti ijó ni ohun tó kù tí ó jẹ́ ti ilé. Àpẹẹrẹ tí Fodéba bá nílẹ̀ nìyẹn.

Ó di olùkọ́ ní Saint-Louis, ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ó ń kọ́ ọmọ níwèé, ó sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti lu ìlù àti láti kọrin. Ní ọdún 1948 ó lọ sí Párísì láti kọ́ nípa òfin. Bí ó bá parí ẹ̀kọ́ náà, iṣẹ́ tó níyì ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n ìlù kò fi í sílẹ̀. Òun àti Kanté Facelli, ọmọ Gínì bíi tirẹ̀ tó mọ gìtá ta gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré pọ̀. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Fáráńsé jọ, láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ni ayé wá mọ̀ sí Les Ballets Africains. Ní ọdún 1952, wọ́n ti ń jó lórí ìtàgé ńlá ní Párísì.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní abúlé, ẹni tó ń jó lónìí ni yóò máa wòran lọ́la. Kò sí ògiri láàárín oníjó àti ará ìlú, kò sì sí ẹni tó ń wo aago. Lórí ìtàgé, àlejò jókòó sínú òkùnkùn, ó ti san owó, kò gbọ́ èdè orin, kò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń jó. Bí wọ́n bá fi odindi òru jó ijó kan níwájú rẹ̀, yóò sùn tàbí kí ó dìde lọ. Fodéba ní láti mú ijó òru kan, kí ó yan èyí tó ṣe kókó nínú rẹ̀, kí ó sì tò ó di ìṣẹ́jú díẹ̀ láìjẹ́ kí ó di yẹ̀yẹ́.

Àwọn kan sọ pé ó ti ba ijó jẹ́. Ní ọdún 1957 ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Présence Africaine láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ijó kì í dúró sójú kan. Ìgbà ń yí, ijó náà ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì lójú tirẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń wòran rí Áfíríkà bó ṣe wà, ti àtijọ́ àti ti òde òní, kì í ṣe èyí tí àwọn òyìnbó ti dá sílẹ̀ nínú ọkàn wọn.

Fodéba kì í ṣe oníjó lásán. Akéwì ni pẹ̀lú. Nínú ewì rẹ̀ tó ń jẹ́ Aube africaine, ó sọ ìtàn Naman, àgbẹ̀ abúlé kan tó lọ jagun fún Fáráńsé, tó sì padà bọ̀ láàyè, ṣùgbọ́n tó kú sí Thiaroye lẹ́bàá Dakar. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ni Thiaroye: ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun Faransé yìnbọn pa àwọn ọmọ-ogun adúláwọ̀ tó ń bèèrè owó wọn. Ní ọdún 1951, ìjọba Faransé fòfin de iṣẹ́ Fodéba ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Òǹkọ̀wé Frantz Fanon mú ewì yìí sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1961, ó sì gbóríyìn fún un.

Ẹgbẹ́ náà rìn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì jó ní New York ní ọdún 1959. Ìgbà yẹn, Fodéba ti wọ inú òṣèlú. Ní ọdún 1957 wọ́n fi í ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Gínì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958, àwọn ará Gínì dìbò pé àwọn kò fẹ́ wà lábẹ́ Fáráńsé mọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, òmìnira dé. Les Ballets Africains wá di ẹgbẹ́ oníjó orílẹ̀-èdè náà. Ijó tí olùkọ́ kan kó jọ nílẹ̀ àjèjì di ohun tí ìjọba fi ń kí aráyé.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti korò. Ìjọba kan náà tó ń fi ijó yangàn lókè òkun gbógun ti agọ̀ àti awo ní àwọn abúlé ẹkùn igbó Gínì. Wọ́n ní ohun àtijọ́ tó ń dá ìlú dúró ni. Wọ́n kó agọ̀ jáde níwájú àwọn tí kò yẹ kí ó rí i, wọ́n sun púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń jó lórí ìtàgé di èèwọ̀ ní abúlé tó ti wá. Fodéba, ẹni tó mọ iyì ijó wọ̀nyí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, jókòó nínú ìjọba náà.

Lẹ́yìn náà ó di mínísítà ààbò. Iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ ogun àti ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé sì jìyà lábẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́. Àrẹ́ Sékou Touré kò fọkàn tán an títí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969, wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan òun àti àwọn ọ̀gá ọmọ-ogun kan, wọ́n sì tì í mọ́ Camp Boiro ní Conakry. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé lábẹ́ àṣẹ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò rí adájọ́ tó gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n pa á. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Les Ballets Africains ń bá ijó lọ, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ni ó sì wo àpẹẹrẹ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ oníjó tiwọn sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Kétu, ọ̀rọ̀ Fodéba kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Láti ọdún 2001 ni UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun iyebíye gbogbo ayé. Láti ìgbà náà, wọ́n ń pe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ síwájú àwọn àlejò pàtàkì, kí ó jó fún ìṣẹ́jú mélòó kan lábẹ́ àtíbàbà. Ìyẹn kò burú. Fodéba fi hàn pé ó ṣeé ṣe pẹ̀lú iyì. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ fi ìdàkejì hàn pẹ̀lú. Ẹ̀fẹ̀ tó ń kọrin láti òru mọ́jú, agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn ìyá tí wọ́n torí wọn jó, àwọn ni orísun. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Kí àwọn aláṣẹ máa gbé ijó lọ síta, kí wọ́n sì jẹ́ kí ilé rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ń jó ní Odomẹta lọ́dún yìí, kí ọmọ rẹ̀ bá agbo náà níbẹ̀ lọ́dún mìíràn.