Dick Tiger: Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó gbayì n'Ibàdàn, tí ogun sọ làálàá rẹ̀ dòfo

Àwọn àgbà tó ti gbọ́njú ní ọdún 1963 yóò rántí ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ ọdún náà dáadáa. Ọjọ́ Sátidé ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ló ya bo pápá ìṣeré Liberty tó wà ní Òkè-Àdó, n'Ibàdàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n wá wò. Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà tó ti gba bẹ́líìtì àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ló fẹ́ wàákò pẹ̀lú Gene Fullmer, òyìnbó Amẹ́ríkà láti ìpínlẹ̀ Utah. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn yóò du bẹ́líìtì àgbáyé nílẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí abala keje ìjà náà parí, Fullmer jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò sì lè dìde fún abala kẹjọ mọ́. Bí ìdùnnú ṣe gba gbogbo ìlú kan nìyẹn.

Ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn ọjọ́ ayọ̀ yìí, ọkùnrin náà ti di olóògbé. Ẹni ọdún 42 ni nígbà tó kú. Owó tó fi ẹ̀jẹ̀ àti òógùn kó jọ ti wọmi, iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló sì ń ṣe nílùú òyìnbó kó tó wálé wá kú. Kí ló gbé akọni yìí débẹ̀? Ìtàn ayé rẹ̀ la fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Amaigbo, tó wà ní ìpínlẹ̀ Imo òde òní, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1929. Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an, orúkọ ìjà ni Dick Tiger. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó gba ìlú Aba lọ láti wá oúnjẹ òòjọ́, ó sì ń ta ìgò òfìfo lọ́jà níbẹ̀. Àwọn ológun òyìnbó tó wà ní Aba nígbà náà máa ń kànṣẹ́ fún ìdárayá. Nídìí wọn ni ọmọkùnrin oníṣòwò ìgò yìí ti mọ ohun tí Ọlọ́run fi sí i lọ́wọ́.

Ọdún 1952 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún owó. Orúkọ àwọn kan tó bá pàdé nínú ìjà nígbà náà lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín: Easy Dynamite, Lion Ring, Super Human Power. Ẹ̀ṣẹ́ wọn ni kò pani lẹ́rìn-ín rárá.

Lápá ìparí ọdún 1955, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Hogan Bassey, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, tó padà gba bẹ́líìtì àgbáyé ní 1957, ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kò kọ́kọ́ ṣẹnuure fún Dick Tiger. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà nílẹ̀ náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pàdánù. Òtútù ń mú un, owó kò tó nǹkan, ó sì ní láti máa ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà kó tó lè jẹun. Ẹlòmíì ì bá ti di ẹrù rẹ̀ kó padà sílé. Òun kò padà. Ní 1957, ó lu Terry Downes, ẹni tó di ọ̀gá àgbáyé lẹ́yìn náà, débi tí ìjà wọn fi parí ní abala karùn-ún. Ní oṣù kẹta ọdún 1958, ó gbé Pat McAteer ṣánlẹ̀ ní abala kẹsàn-án ní Liverpool kan náà, ó sì gba bẹ́líìtì gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 1959, ló kọjá sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn gan-an, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ló sì bá a gbé e. Lónìí, ẹ ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń kó sínú ilé kan, tí wọ́n ń fi ìgbésí ayé wọn hàn lórí amóhùnmáwòrán, tí wọ́n sì ń di gbajúmọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láyé ìgbà tí à ń sọ yìí, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ló ń sọ èèyàn di gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ìjà hàn, àwọn ìdílé á sì jókòó yí ẹ̀rọ náà ká. Ní tiwa níbí, WNTV ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ibàdàn ní 1959 náà ni, àwọn tó ní ẹ̀rọ nílé kò sì pọ̀. Rédíò àti ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa fi ń mọ bí ọmọ Nàìjíríà yìí ṣe ń ṣe sí lókè òkun.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá ọdún 1962, ní San Francisco, ó na Gene Fullmer, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé ẹ̀ka middleweight, ìyẹn tàwọn tí wọn kò wúwo ju kílò 72 àti ààbọ̀ lọ. Wọ́n tún ìjà náà jà ní Las Vegas ní oṣù kejì ọdún 1963, ó parí sí ọ̀mì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ti Ibàdàn tí a ti sọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìwé ìròyìn The Ring pè é ní akànṣẹ́ tó ta yọ jù lágbàáyé, ní 1962 àti 1965.

Gbogbo ariwo yìí kò gun orí rẹ̀. Kì í ná owó ní ìnákúnàá. Aya rẹ̀, Abigail, àti àwọn ọmọ wọn ló wà lọ́kàn rẹ̀, ilé àti okòwò ló sì ń fi owó ìjà rẹ̀ rà sílé. Ó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe dọjọ́ alẹ́, ó sì fẹ́ kí ọjọ́ alẹ́ òun dára.

Joey Giardello gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kejìlá 1963. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí Giardello tó gbà láti tún bá a jà, nígbà tó sì gbà ní oṣù kẹwàá 1965, Dick Tiger gba ohun ìní rẹ̀ padà. Emile Griffith tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹrin 1966. Àwọn èèyàn rò pé ó ti parí fún un. Ó ti lé ní ọdún 36. Kàkà kó jáwọ́, ńṣe ló lọ dojú kọ àwọn tó wúwo jù ú lọ. Ní oṣù kejìlá 1966, ó na José Torres, ọmọ Puerto Rico, ó sì di ọ̀gá àgbáyé ní ẹ̀ka light heavyweight.

Inú 1966 yìí gan-an ni nǹkan dàrú nílé. Ìjọba ológun dé, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò nílẹ̀ Hausa, àwọn tó kù sì ń sá padà sí ìlà-oòrùn. Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni Dick Tiger na Torres lẹ́ẹ̀kejì ní New York. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n kéde Biafra. Oṣù keje kò tíì ju ọjọ́ mẹ́fà lọ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀.

Títí di ìgbà yẹn, orúkọ Nàìjíríà ló ń gbé kiri àgbáyé. Bí ó bá fẹ́, ó lè fìdí mọ́lẹ̀ sí Amẹ́ríkà kó dijú sí ọ̀rọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rẹ̀ ló wà nínú iná, ó sì yàn láti wà pẹ̀lú wọn. Ó wọ iṣẹ́ ológun Biafra, ó gba ipò ọ̀gágun kékeré, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní eré ìdárayá. Láàárín gbogbo èyí, ó ṣì ń padà lọ kànṣẹ́ lókè òkun, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí owó ń gbà wọlé. Ní 1969, ó dá oyè MBE padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí bí wọ́n ṣe ti Nàìjíríà lẹ́yìn nínú ogun náà.

Ọkàn tó pín sí méjì, tí ara sì ń dàgbà, kò rọrùn láti fi jà. Ní oṣù karùn-ún 1968, Bob Foster, ọkùnrin tó ga jù ú lọ dáadáa, gbé e ṣánlẹ̀ ní abala kẹrin. Nínú gbogbo ìjà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ka ẹni fún un lórí ilẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún yẹn kan náà, ó na Frank DePaula nínú ìjà tí The Ring sọ pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ọdún náà. Ní 1969, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ogójì ọdún, ó na Nino Benvenuti tó jẹ́ ọ̀gá àgbáyé lọ́wọ́lọ́wọ́ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́líìtì kò sí lórí ìjà ọ̀hún. Oṣù keje 1970 ló ja ìjà ìkẹyìn, Griffith ló sì borí.

Ogun ti parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà. Dúkìá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ sílé ti bá ogun lọ. Ọ̀gá àgbáyé nígbà méjì ní ẹ̀ka kan àti lẹ́ẹ̀kan ní òmíràn wá di ọlọ́dẹ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York. Kò tijú iṣẹ́ náà. Ẹni tó ti ta ìgò lọ́jà Aba rí kì í fojú tín-ín-rín iṣẹ́ tó mọ́.

Níbẹ̀ ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ wá di ti ilé. Nítorí ipa tó kó lápá Biafra, kì í ṣe ohun tó kàn lè dìde ṣe, àmọ́ ìjọba Nàìjíríà gbà kó padà wálé. Aba ló dákẹ́ sí ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejìlá ọdún 1971.

Ní 1991, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn àwọn akọni ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé ní Amẹ́ríkà. Pápá ìṣeré Liberty náà ti yí orúkọ padà, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń fi pè é báyìí. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kò mọ̀ pé ọmọ Ìgbò kan wà tí Yorùbá, Hausa àti gbogbo ẹ̀yà jọ pariwo ayọ̀ fún níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, láì bèèrè èdè tó ń sọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ariwo ayọ̀ yẹn ni ìbọn ń dún. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ọjọ́ náà, ẹ sọ ọ́ fún wọn: akọni tí Fullmer kò lè rí gbé ṣe, ìjà abẹ́lé ló kó gbogbo ohun tó ní lọ.