Hans Sloane, dókítà tó kó ayé jọ sínú ilé rẹ̀

Ní Bloomsbury, nílùú London, ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938 wà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti dúró níwájú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ̀ pé ilé dókítà kan ni ilé ńlá náà ti ṣẹ̀. Hans Sloane lorúkọ rẹ̀. Òun kọ́ ló kó orí Ifẹ̀ lọ o. Ó ti kú tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó hú u.

Killyleagh, lápá àríwá Ireland, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 1660. Iṣẹ́ ìṣègùn ló kọ́, ṣùgbọ́n ewé àti ìkarahun ló gbà á lọ́kàn. Láyé ìgbà náà, àwọn olówó àti ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù a máa ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ohun àràmàǹdà: egungun ẹranko, owó àtijọ́, òkú kòkòrò, ère láti òkèèrè. Àlejò a wọlé, ẹnu a sì yà á.

Lọ́dún 1687, Sloane bá gómìnà tuntun lọ sí Jàmáíkà gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn rẹ̀. Gómìnà náà kú lọ́dún kejì. Nígbà tí Sloane padà dé lọ́dún 1689, nǹkan bí 800 irú ewéko ló kó bọ̀. Ó rí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ẹrú níbẹ̀, ó tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, àmọ́ bí ẹni ń ka iye ewé ló ṣe kọ ọ́. Lọ́dún 1695 ló fẹ́ Elizabeth, opó Fulke Rose, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti ní oko ìrèké ní Jàmáíkà. Owó òógùn àwọn ẹrú oko náà, pẹ̀lú owó tí àwọn ọlọ́lá London ń san fún ìtọ́jú, ló fi ń ra ẹrù. Ó ṣètọ́jú ọba, ó sì rọ́pò Isaac Newton lọ́dún 1727 gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Royal Society.

Ìlù kan wà nínú ẹrù rẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Virginia, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlù àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ igi àti iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé ìlù àwọn Akan ni, láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkọ̀ ẹrú ló gbé e sọdá òkun. Ta ló ń lù ú nínú ọkọ̀ náà? Kò sẹ́ni tó kọ tìyẹn sílẹ̀.

Sloane kú lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù kìíní, ọdún 1753, lẹ́ni ọdún 92. Ẹrù tó fi sílẹ̀ lé ní 71,000. Ìwé ìhágún rẹ̀ ní kí ìjọba gbà á, kí wọ́n sì san £20,000 fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, owó tó kéré púpọ̀ sí iye tí ẹrù náà tó. Àwọn aṣòfin gbà. Tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ni wọ́n fi wá owó náà, ìjọba náà ń ta tẹ́tẹ́! Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní, ọdún 1759, wọ́n ṣílẹ̀kùn fáwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún 2020, wọ́n gbé ère orí Sloane kúrò lórí òpó tó wà, wọ́n gbé e sínú àpótí dígí, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ okòwò ẹrú mọ́ ọn. Ìlù Akan náà ṣì wà nínú ilé kan náà.