Paul Ehrlich, òyìnbó tó fún ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ lórúkọ

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ rí ní ọsibítù ìjọba tó wà n'Ígàndó, tàbí níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò n'Íkọ̀tún àti l'Ẹ́gbẹ́dá, ti jẹ nínú iṣẹ́ ọkùnrin ará Jámánì kan tó ti kú láti ọdún 1915. Paul Ehrlich lorúkọ ẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1854 ni wọ́n bí i sí ìlú Strehlen, tó ti di ara ilẹ̀ Poland báyìí. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà, aró ló gbà á lọ́kàn ju ìwé lọ. Bí ọwọ́ aláró Òṣogbo kì í ṣeé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni tiẹ̀ náà.

Lọ́dún 1878 ló di dókítà, ó sì lọ sí ọsibítù Charité ní Berlin. Á tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí dígí, á sá a, á kán aró sí i. Ó rí i pé nínú ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn kan ń gba aró tó ní ásíìdì, àwọn kan ń gba irú èyí tó dà bí omi eérú, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù lọ, àfi tí wọ́n bá po méjèèjì pọ̀. Ìdí tó fi pè wọ́n ní neutrophil nìyẹn. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ sáré débi tí kòkòrò àrùn bá ti wọlé.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí ẹ̀, ó sá lọ sí Íjíbítì kí ara ẹ̀ tó yá. Síbẹ̀, sìgá kì í bọ́ lẹ́nu ẹ̀, nǹkan tí kò yẹ oníṣègùn rárá. Lọ́dún 1908, òun àti Metchnikoff jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Òun náà ló dá orúkọ kẹmotẹ́rápì sílẹ̀, oògùn Salvarsan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1910 sì kojú àrùn sífílíìsì. Ti jẹjẹrẹ ni kò bọ́ sí i. Ó ní ó ṣeé ṣe kó máa hù lára èèyàn lemọ́lemọ́, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara máa pa á lẹ́nu mọ́, àmọ́ ó kú kó tó rí i fi hàn. Júù ni, nítorí náà nígbà ìjọba Hitler, wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lára títì tí wọ́n fi sọrí ẹ̀ ní Frankfurt.

Ohun tí àwọn tó wá lẹ́yìn ẹ̀ rí ló yani lẹ́nu. Neutrophil lè pa jẹjẹrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ lè tàn án, kó máa lànà fún ẹ̀jẹ̀ tí yóò bọ́ kókó náà, kó sì máa dí àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù lọ́wọ́. Olè tó fi ọlọ́dẹ ṣọ̀rẹ́ ni.

Kẹmotẹ́rápì máa ń dín neutrophil kù, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kà á kí wọ́n tó fún aláìsàn ní òmíràn. Bí kò bá pé iye tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n á ní kó lọ padà wá. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan ọmọ Yorùbá. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ní àmì tí wọ́n ń pè ní Duffy, ogún ìran tó ń dènà irú ibà kan. Ìwádìí ọdún 2009 fi hàn pé neutrophil ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ tó ti òyìnbó, bẹ́ẹ̀ kò ṣàìsàn. Tí wọ́n bá wá fi òṣùwọ̀n òyìnbó wọ̀n ọ́n, wọ́n lè dá ìtọ́jú ẹ̀ dúró láìnídìí. Àyẹ̀wò wà fún Duffy, dókítà sì lè wo iye tó máa ń wà lára aláìsàn kí àrùn tó dé. Ṣùgbọ́n bí ara ẹni tó ń gba kẹmotẹ́rápì bá gbóná, ọsibítù ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kẹ́mísìtì àdúgbò.