Lewis Latimer: Pẹ́ńsù, Èdè àti Iná Ìgboro

Tí ọdún Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, ìyá mi a kó wa sọ́kọ̀, ó di Victoria Island, a fẹ́ lọ wo iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé òpópónà Ajose Adeogun ní Èkó nírú àsìkò yẹn mọ ohun tí mò ń sọ. Zenith Bank á ti fi iná aláràbarà wé igi, wé òpó, gbogbo ojú ọ̀nà á máa tàn yòò. Kò sẹ́ni tó ń gba owó ìwọlé. Ẹni tó gbé jíìpù wá àti ẹni tó wọ dánfó wá, iwájú iná kan náà ni gbogbo wọn ti ń ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wíwò iná náà ń ná èèyàn ni àkókò tó máa bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn ni àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti bi mí pé ta ló kọ́kọ́ ṣe irú iná báyìí. Mo ní Edison ni. Àbúrò bàbá mi tó jókòó níwájú ní kí n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́rọ, pé kí ló kan ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè pẹ̀lú iná. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí díẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde ní ẹ̀ka wa, mo mọ̀ pé wọ́n ti bi yín rí pé kí lẹ fẹ́ fi ìwé yín ṣe.) Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ ni mo ti pàdé Lewis Howard Latimer.

Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹrú ni George àti Rebecca Latimer ní Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1842, wọ́n sá. Àwọ̀ George mọ́ débi pé wọ́n lè rò pé òyìnbó ni, torí náà ó ṣe bí ọ̀gá, Rebecca tó wà nínú oyún sì ṣe bí ìránṣẹ́ rẹ̀, wọ́n wọkọ̀ ojú omi, ó di ìhà àríwá. Wọn ò tíì fìdí kalẹ̀ ní Boston tí ẹnì kan tó mọ George fi rí i. Ẹni tó ni ín lẹ́rú tọ̀ ọ́ wá, wọ́n tì í mọ́lé. Ìlú gbóná. Frederick Douglass, tí òun náà ti sá kúrò lóko ẹrú rí, wà lára àwọn tó jà fún un. Nígbẹ̀yìn, 400 dọ́là ni wọ́n fi ra òmìnira rẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ Massachusetts sì ṣòfin pé òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni mú ẹrú tó bá sá. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1848 ni wọ́n bí Lewis ní Chelsea, nítòsí Boston.

Bàbá fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Lewis wọṣẹ́ ológun ojú omi lọ́mọ ọdún 16, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ogun parí lọ́dún 1865, ó padà sí Boston, ó sì ríṣẹ́ ọmọ ọ́fíìsì lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà tó ń bá èèyàn gba páténtì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé ìwọ lo hùmọ̀ nǹkan. Dọ́là mẹ́ta lowó ọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní àwòrán yíyà. Ó ń yọjú wo ọwọ́ ayàwòrán ẹ̀rọ tó wà ní ọ́fíìsì náà, ó fojú sí àwọn irinṣẹ́ tó ń lò, ó lọ ra ti àlòkù, ó ra ìwé, ó sì ń dánra wò títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ ayàwòrán náà pé kó jẹ́ kóun ya díẹ̀. Nígbà tó yá, ó di olórí ayàwòrán, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì di 20 dọ́là. Nígbà tí Alexander Graham Bell fẹ́ gba páténtì tẹlifóònù lọ́dún 1876, Latimer wà lára iṣẹ́ náà, ó bá a ya àwòrán rẹ̀. Ẹ má sì rò pé àwòrán nìkan ló wà nínú páténtì. Bí gbólóhùn kan bá fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀, ẹlòmíì lè gba iṣẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, torí mo ti rí i lórí WhatsApp láìmọye ìgbà: Latimer kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe gílóòbù. Edison náà ò dá a ṣe, torí Joseph Swan ń ṣe irú ẹ̀ ní Ìlú Ọba. Okùn kábọ̀nù tín-ín-rín tó ń pọ́n nínú gílóòbù ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní láti yan án nínú ooru ńlá kó tó di kábọ̀nù, ibẹ̀ ló sì ti máa ń lọ́, tó ń ṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Hiram Maxim ni Latimer ń ṣiṣẹ́ nígbà náà (Maxim tó wá ṣe ìbọn tí àwọn òyìnbó gbé bá Ìjẹ̀bú jà lọ́dún 1892, ayé yìí kéré o). Latimer fi páálí bo okùn náà kí wọ́n tó yan án. Bí okùn bá ń sún kì, páálí náà ń sún kì, kò ní lè lọ́. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1882 ni ìwé páténtì rẹ̀ jáde.

Ilé-iṣẹ́ Maxim rán an kiri láti lọ fi iná sí àwọn ìlú ńlá: New York, Philadelphia, Montreal. Ti Montreal ló mú mi dìde lórí àga. Ibùdókọ̀ ojú irin àti àgbàlá rẹ̀ ni wọ́n ní kó fi iná sí, ṣùgbọ́n Faransé ni àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún un ń sọ. Ó ní kí wọ́n kọ àṣẹ tóun máa nílò lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀ fóun lédè Faransé. Lálaalẹ́, ó ń kọ́ ọ. Lójúmọmọ, ó ń gun òpó tẹlígíráàfù, ó ń júwe ibi tí fìtílà máa dúró sí pẹ̀lú Faransé tó kọ́ lálẹ́ àná, orí àwọn òṣìṣẹ́ náà sì wú pé ọ̀gá ń gbìyànjú láti sọ èdè àwọn. Kò dúró de gírámà. Ohun tí iṣẹ́ ń béèrè ló kọ́kọ́ mú. Mo fẹ́ kí àbúrò bàbá mi ka ìpínrọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1882 yẹn kan náà, Edward Johnson, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Edison, so gílóòbù 80, pupa, funfun àti búlúù, mọ́ igi Kérésìmesì ní New York. Ṣùgbọ́n inú ilé ara rẹ̀ ló wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, olówó nìkan ló lè dán irú ẹ̀ wò.

Latimer bọ́ sọ́dọ̀ Edison lọ́dún 1884. Ó ń yàwòrán, ó ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n ń jà lórí ta ló ni kí ni, ó sì ṣe ìwé kan lọ́dún 1890 tó ṣàlàyé iná náà fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Lọ́dún 1906, ó ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwòrán ẹ̀rọ ní Henry Street Settlement, ní New York. Ọmọ ẹni tó sá wọ ìlú onílùú ló ń kọ́ àlejò lédè.

Alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1912 ni iná náà tó bọ́ síta gbangba. Obìnrin kan, Emilie Herreshoff, fẹ́ kí àwọn tí kò lágbára láti ra igi rí ti gbogbo ìlú wò. Wọ́n gbé igi ńlá kan sí Madison Square, wọ́n fi iná mànàmáná ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò sanwó. Latimer ń gbé ní Flushing, ní ìlú New York kan náà, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Lọ́dún 1923, Ààrẹ Coolidge tẹ bọ́tìnì, gílóòbù 2,500 sì tàn lórí igi kan ní Washington.

Nígbà tí àwọn tó ti bá Edison ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1918, Latimer nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó wà láàárín wọn. Ó ń fọn fèrè, ó ń kọ ewì, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì sì bá a tẹ àwọn ewì náà jáde. Ó kú lọ́jọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1928, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Kérésìmesì pé. Lọ́dún 1988, nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé rẹ̀, ńṣe ni wọ́n hú u nídìí, wọ́n gbé e lọ sí àdúgbò mìíràn ní Flushing. Mùsíọ́ọ̀mù ni báyìí.

Ìyá mi ti ní a tún ń lọ sí Ajose Adeogun lọ́dún yìí. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ká jókòó, pé mo ti rí ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀, àmọ́ ó gùn díẹ̀.