Ìtàn Ìgbésí-Ayé H. G. Wells

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1866, ni a bí Herbert George Wells ní Bromley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òbí rẹ̀ kò lọ́rọ̀. Bàbá rẹ̀ ń ta àwo, ìyá rẹ̀ sì ti ṣe ìránṣẹ́bìnrin rí. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán. Lórí ìdùbúlẹ̀ yìí ni ó ti di ọ̀rẹ́ ìwé.

Ní ọdún 1881, wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò aṣọ kan. Nígbà tí iṣẹ́ náà sú u, ó fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 17 lọ bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbà. Ní ọdún 1884, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà sí ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìmọ̀ tí ó kó níbẹ̀ ni ó fi ń kọ ìtàn àròsọ. Ó mọ̀ pé òòfà ilẹ̀ ni ó ń mú kí ohun gbogbo wúwo, àti pé òòfà ayé kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí alábàárù kan ní Command, ní Alímọ̀ṣọ́, bá lè ru àpò ìrẹsì oníkílò 50 dé Mars, bí kílò 19 ni yóò rí lórí rẹ̀. Nínú òṣùpá, yóò rí bí kílò mẹ́jọ.

Nítorí náà, nínú The War of the Worlds, tí ó jáde ní 1898, àwọn ará Mars tí wọ́n wá jagun gba ayé wa ń fi tipátipá wọ́ra nílẹ̀, nítorí pé ara wọn wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta. Ewéko pupa tí ó bá wọn wá tilẹ̀ bo ilẹ̀ wa. Nínú The First Men in the Moon, ti 1901, Wells dá ohun kan tí ó ń dí òòfà lọ́nà sílẹ̀ láti inú èrò ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn irọ́ kan ṣoṣo yìí, òfin òòfà ni ó tẹ̀lé: àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tọ bí ẹlẹ́ńgà nínú òṣùpá. Ní 1969, gbogbo ayé rí i bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń tọ pọ́ún-pọ́ún níbẹ̀.

Wells kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, ọdún 1946.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá ń kọ ìtàn àwọn tí wọ́n tún Mars ṣe fún ibùgbé, ẹ lè fún un ní odò, igbó àti afẹ́fẹ́. Òòfà rẹ̀ kò ní torí ìwọ̀nyí yí padà. Ẹ jẹ́ kí ó hàn nínú ìrìn àwọn ènìyàn yín. Òtítọ́ ni a fi ń gbé àròsọ ró.